Ilé etíkun fún àwa méjì ní erékùṣù: kí ni ká wò kí owó tó jáde, kí ni ká mú dání?

Abẹ̀kẹ́_Arìnrìnàjò
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ háyà ilé etíkun fún ọjọ́ 7 ní erékùṣù tí oòrùn ti ń mú. Seychelles, Zanzibar, Mauritius àti Barbados ni a ń wò, a ò tíì mú ọ̀kan. Ilé tí a ó ti máa dá oúnjẹ sè la fẹ́, kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì. Ọkọ mi mọ̀wẹ̀, èmi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká béèrè lọ́wọ́ onílé, kí la sì máa dì sẹ́rù?

Awòòkun
Ẹ kú ìmúra, àǹtí. Ẹ fi fọ́tò ilé sílẹ̀ ná. Oṣù tí ẹ fẹ́ lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà kí ẹ wo apá ibi tí etíkun náà kọjú sí. Ilé kan náà tí omi iwájú rẹ̀ tòrò bí omi àfòwúrọ̀pọn lóṣù kẹrin lè máa gba ìgbì gìrì-gìrì lóṣù keje.

Ní Seychelles, láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án, atẹ́gùn gúúsù ìlà-oòrùn ló ń fẹ́. Etíkun tó bá kọjú sí apá yẹn á máa rí ìgbì àti koríko òkun. Láti oṣù kejìlá sí oṣù kẹta, atẹ́gùn á yí sí àríwá ìwọ̀-oòrùn, òun ló sì ń gbé òjò wá. Oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá ni òkun máa ń rọlẹ̀ jù. Ẹ óò rí fọ́tò Grand Anse ti erékùṣù La Digue níbi gbogbo. Ó lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà atẹ́gùn gúúsù ìlà-oòrùn, ìṣàn omi ibẹ̀ lè gbé ẹni tó mọ̀wẹ̀ dáadáa, ká má tíì sọ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Mauritius: oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin ni ìgbà ìjì líle. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, atẹ́gùn ń bá apá ìlà-oòrùn erékùṣù náà jà, ìwọ̀-oòrùn sì rọ̀ díẹ̀. Zanzibar: òjò ńlá ń rọ̀ láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, òjò kékeré á tún dé lóṣù kọkànlá sí ìkejìlá. Barbados: ìgbà ìjì líle ti agbègbè Caribbean bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, ó parí ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá, àárín oṣù kẹjọ sí àárín oṣù kẹwàá ni ìjì náà sì ń le jù. Ìwọ̀-oòrùn Barbados ni kí ẹ gbé. Bathsheba tó wà ní ìlà-oòrùn, ibi wíwò ni, kì í ṣe ibi ìwẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìgbà ìjì nìkan ni ìsinmi yín bọ́ sí, Aruba, Bonaire àti Curaçao wà níhà gúúsù tí ìjì kì í sábà gbà. Àwọn erékùṣù ńlá Seychelles náà sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé, ìjì líle kì í sì í lágbára láti yí po nítòsí ìlà náà.

Ọmọ_Ọ̀sà
Mo fara mọ́ ohun tí Awòòkun sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ti fífà òkun kún un, torí òun ló ń ya àlejò lẹ́nu jù ní Zanzibar. Ní Paje àti Jambiani níhà ìlà-oòrùn, bí òkun bá fà, omi lè jìnnà sí ilé ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Iyanrìn, koríko àti òkúta mímú ló máa kù sílẹ̀. Fọ́tò tí wọ́n fi polówó ilé, nígbà tí òkun kún ni wọ́n yà á. Nungwi àti Kendwa lókè àríwá kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè wọ omi níbẹ̀ nígbàkígbà. Ní Caribbean, fífà òkun kò tó nǹkan.

Níbi tó pọ̀ jù, òkun ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì láàárín nǹkan bíi wákàtí 25. Ìdí nìyẹn tí àkókò rẹ̀ fi ń sún síwájú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́. Bó bá kún ní aago 9 àárọ̀ òní, aago 10 ku ìṣẹ́jú 10 ló máa kún lọ́la. Nígbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà òṣùpá àrànmọ́jú, kíkún àti fífà rẹ̀ ń le jù. Tide table ni wọ́n ń pe ìwé àkókò náà; ẹ fi orúkọ erékùṣù náà wá a, kí ẹ sì fi í mú ọjọ́ ìrìnàjò yín.

Ohun kejì: ẹ ṣí àwòrán sátẹ́láìtì lórí Google Maps. Bí ẹ bá rí ìlà ìfófòó funfun tó jìnnà sí ilẹ̀, òkìtì iyùn (coral reef) ló ń fọ́ ìgbì níbẹ̀, omi tó wà láàárín rẹ̀ àti iyanrìn á sì dà bí ọ̀sà. Irú ibẹ̀ ló yẹ ẹni tí kò mọ̀wẹ̀. Bí ìlà funfun náà bá jókòó sórí iyanrìn gan-an, ìgbì tààrà ló ń dé ẹnu ọ̀nà yín. Ibi tí ìlà funfun bá ti já, ẹ má sún mọ́ ọn: ẹnu ọ̀nà tí omi ọ̀sà ń gbà jáde sí agbami nìyẹn, bí òkun bá sì ń fà, ibẹ̀ ni gbogbo omi náà ń du.

Onílé_Etíkun
Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ilé. Ọ̀rọ̀ inú ìpolówó ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Beachfront ni pé ẹ ó bọ́ láti ilẹ̀kùn sórí iyanrìn. Ocean view kò ju pé ẹ ó máa rí òkun lọ, ó lè jẹ́ láti orí òkè tó ní àtẹ̀gùn 200. Beach access ni pé ọ̀nà kan wà. Ẹ bi í pé mítà mélòó, ṣé ó gba orí títì kọjá, ṣé iná wà níbẹ̀ lálẹ́.

Ẹ ní kí onílé tàbí olùtọ́jú ilé fi fídíò pè yín. Kí ó dúró sí ẹnu yàrá, kí ó rìn títí omi á fi kan ẹsẹ̀ rẹ̀, láì pa fídíò náà. Kí ó jẹ́ nígbà tí òkun fà. Ìṣẹ́jú 5 péré ni, ẹ ó sì ti rí bí ọ̀nà ṣe jìn tó, bóyá iyanrìn ni tàbí òkúta, bóyá wọ́n ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ẹni tó bá ń sá fún fídíò yìí lọ́jọ́ mẹ́ta léraléra, ẹ fi ilé rẹ̀ sílẹ̀.

Omi: ẹ bi í bóyá ti ìjọba ni, tàbí kànga, tàbí omi òjò, tàbí omi òkun tí wọ́n yọ iyọ̀ rẹ̀. Ẹ bi í bí táǹkì ṣe tóbi tó. Ẹni méjì tó ń ṣan iyọ̀ kúrò lára lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ lè lo lítà 250 sí 300, torí náà táǹkì lítà 1,000 kò ju ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ bí omi bá dá. Ibi tí táǹkì wà ṣe pàtàkì ju bó ṣe tóbi lọ. Bó bá wà nílẹ̀, ẹ̀rọ ló ń ti omi wọ ilé: iná lọ, omi lọ. Táǹkì tó wà lókè á máa ṣàn bí iná bá tilẹ̀ lọ.

Iná: ṣé jẹnẹrétọ̀ wà, ta ló ń ra epo rẹ̀, agogo mélòó ni wọ́n ń pa á? Ẹ̀rọ amúlétutù ti hp 1 ń jẹ nǹkan bíi kílówáàtì kan bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Ilé tó jẹ́ iná oòrùn àti bátìrì ló ní, ó lè má gbé e títí di àárọ̀. Ọ̀pọ̀ onílé ń ka mítà lọ́tọ̀ lórí owó ilé, nítorí náà ẹ ya fọ́tò mítà lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé àti lọ́jọ́ tí ẹ bá jáde.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀: sókàwéè ló pọ̀ ní àwọn erékùṣù, páìpù rẹ̀ kì í sì í tóbi. Bí wọ́n bá gbé garawa onídèérí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, inú rẹ̀ ni kí bébà lọ. Bí ẹ bá ju ú sínú ihò, ọjọ́ kẹta ló máa ń dí.

Fèrèsé: ṣé gbogbo rẹ̀ ló ní nẹ́ẹ̀tì, ṣé kò ya? Yàrá tó ní nẹ́ẹ̀tì àti fáànù òkè sàn fún mi ju yàrá aláràbarà tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí.

Olùṣírò
Lórí owó, kúkúrú ni mo máa sọ ọ́. Ìkànnì tí ẹ ti rí ilé ni kí ẹ ti sanwó. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá sórí WhatsApp kí ó lè bá yín dín owó kù, ààbò ìkànnì náà ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ fi fọ́tò ilé náà wá a lórí Google Images. Bí ilé kan náà bá jáde ní erékùṣù méjì pẹ̀lú orúkọ méjì, jìbìtì ni.

Ẹ ka òfin dídá owó padà, kí ẹ wá ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ nípa ìjì. Ìnṣọ́ráǹsì ìrìnàjò kì í san owó lórí ìjì tí wọ́n ti sọ lórúkọ kí ẹ tó rà á. Ọjọ́ tí ẹ bá san owó ilé ni kí ẹ ra ìnṣọ́ráǹsì, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa wọkọ̀. Ní ti Zanzibar, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti di dandan kí àlejò láti òkè òkun ra ìnṣọ́ráǹsì tiwọn kí ó tó wọlé, bó bá tilẹ̀ ní òmíràn.

Orúkọ lórí tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ bá ti páásípọ́ọ̀tù mu, lẹ́tà fún lẹ́tà. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ló ń kó sí èyí jù: ìyàwó á fi orúkọ ọkọ gba tíkẹ́ẹ̀tì, páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ á sì ṣì wà lórúkọ bàbá rẹ̀.

Arẹwà_Òkun
Mo rò pé ilé iwájú òkun gan-an ló yẹ tọkọtaya. Kí lèèyàn fẹ́ sanwó fún bí kò bá lè jí sí etí omi?

Onílé_Etíkun
Arẹwà, òótọ́ ni pé ó wuyì láti jí síbẹ̀. Àmọ́ ilé iwájú gan-an ni iyọ̀ ń jẹ jù: kọ́kọ́rọ́ á máa há, irin ẹ̀rọ amúlétutù á dípẹtà, ariwo ìgbì kì í sì í dákẹ́ lálẹ́. Ní etíkun Caribbean tó kọjú sí ìlà-oòrùn, láti ọdún 2011 ni koríko òkun tí wọ́n ń pè ní sargassum ti ń ya wọlé lọ́pọ̀ yanturu, pàápàá láti nǹkan bí oṣù kẹta sí oṣù kẹjọ. Bó bá jẹrà lórí iyanrìn, òórùn rẹ̀ dà bíi ti ẹyin tó bàjẹ́, gáàsì rẹ̀ sì ń ta ènìyàn lójú àti lọ́fun. Ilé tó wà ní 100 sí 150 mítà sẹ́yìn ń gba atẹ́gùn láì gba gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ apá tí atẹ́gùn kì í ti bá ilẹ̀ jà, ẹ gba iwájú láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà
Ti ìlera. Ẹ wo bóyá erékùṣù tí ẹ ń lọ ń béèrè yẹ́lò káàdì (ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, yellow fever) lọ́wọ́ ẹni tó ti orílẹ̀-èdè tí ibà náà wà wọlé, ibi tí ẹ bá ti yà kí ẹ tó dé náà lè kà. Káàdì náà kì í ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ 10 á fi pé lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Láti oṣù keje ọdún 2016, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó fún gbogbo ayé ẹni, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọdún 10 ti kọjá lórí rẹ̀.

Ẹ̀fọn oríṣi méjì ni. Èyí tó ń gbé ibà dengue ń jẹ ènìyàn lọ́sàn-án, ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ jù lọ. Èyí tó ń gbé ibà ẹ̀fọn lásán (malaria) ń jẹ lóru. Nẹ́ẹ̀tì orí bẹ́ẹ̀dì nìkan kò tó. Ìpara DEET tó wà láàárín 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni kí ẹ lò. Ìpara oòrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi pa ara, kó gbẹ, kí ti ẹ̀fọn tó tẹ̀ lé e. Bí ibà bá mú yín níbẹ̀, tí ẹ̀yìn ojú àti oríkèé ń dunni, paracetamol ni kí ẹ lò. Ẹ má fọwọ́ kan aspirin tàbí ibuprofen títí dókítà á fi sọ pé kì í ṣe dengue, nítorí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà.

Ìgbẹ́ gbuuru: omi tó mọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ má fi ojú wọn iyọ̀. Bó bá pọ̀ jù, ó léwu.

Ẹja ńlá orí òkìtì iyùn, pàápàá barracuda, ẹ fi í sílẹ̀. Ó lè ní oró kan tí wọ́n ń pè ní ciguatera. Sísè kò pa á, yìnyín kò pa á, kò sì ní òórùn tàbí ìtọ́wò tí ẹ fi lè dá a mọ̀. Ètè á máa ta ènìyàn, ohun tútù á sì máa jọ ohun gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀.

Arẹwà_Òkun
Bí jellyfish (ẹ̀dá òkun rírọ̀ tó ní okùn oró) bá ta yín, ẹ tètè fi omi mímu ṣan ojú ibẹ̀, kí ẹ fi iyanrìn fọ̀ ọ́ dáadáa.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà
Rárá o, Arẹwà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Okùn oró tó lẹ̀ mọ́ awọ kún fún àpò oró kéékèèké tí kò tíì bẹ́. Omi tí kò níyọ̀ ń mú kí wọ́n bẹ́, fífi iyanrìn fọ̀ ọ́ náà ń bẹ́ wọn. Omi òkun ni kí ẹ fi ṣan án, kí ẹ fi ẹ̀mú kékeré yọ okùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ki ibẹ̀ bọ omi gbígbóná tó tó ìwọ̀n 40 sí 45 Celsius fún ìṣẹ́jú 20 sí 40. Ẹni tí jellyfish kò ta ni kó fi ọwọ́ wo omi náà, torí ọwọ́ ẹni tó ń jẹ̀rora kò lè mọ̀ bóyá ó ń jó òun. Fínígà dára fún box jellyfish, kì í ṣe fún gbogbo oríṣi. Ẹ bi àwọn olùṣọ́ etíkun ibẹ̀. Ìtọ̀ kò wúlò rárá.

Ẹ̀gún sea urchin (ẹ̀dá òkun róbótó tí ẹ̀gún bo ara rẹ̀) àti oró stonefish (ẹja olóró tó jọ òkúta) náà, omi gbígbóná ni, ìṣẹ́jú 30 sí 90. Stonefish, kí ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú. Bàtà rọ́bà tó dì mọ́ ẹsẹ̀ ló ń dènà púpọ̀ nínú èyí. Sílípáàsì kò gbà á, omi á yọ ọ́.

Ní Caribbean, igi manchineel wà létíkun, èso rẹ̀ jọ ápù kékeré. Wọ́n sábà máa ń fi ọ̀dà pupa sàmì sí ìdí rẹ̀. Ẹ má sá òjò sábẹ́ rẹ̀. Omi tó bá kán láti ara ewé rẹ̀ ń bó awọ.

Awòòkun
Àǹtí ní òun kò mọ̀wẹ̀, ọkọ mọ̀ ọ́n. Irú tọkọtaya báyìí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ni omi ń gbé lọ, torí òun ló ń bẹ́ sínú omi láì mú nǹkan kan dání nígbà tó bá rí i pé omi ń gbé ẹnì kejì rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń mọ ìṣàn tó ń fa ènìyàn lọ sí agbami, tí wọ́n ń pè ní rip current. Ẹ dúró níbi tó ga díẹ̀, kí ẹ wo omi fún ìṣẹ́jú 10. Ibi tí ìgbì kò ti fọ́, tí omi rẹ̀ dúdú díẹ̀, tó dà bí ọ̀nà tó rọlẹ̀ láàárín ìgbì méjì, ojú àlejò á rí i bí ibi tó dára jù láti wẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹ ó rí ìfófòó àti koríko tó ń rìn jáde níbẹ̀ dípò kí ó máa wọlé. Bó bá gbé yín, ẹ má bá a jìjàkadì pé ẹ fẹ́ padà tààrà. Ìṣàn náà lè yára ju ẹni tó mọ̀wẹ̀ jù lọ láyé lọ. Ẹ fi ẹ̀yìn léfòó, kí ẹ mí dáadáa, kí ẹ wá wẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ní ìbú etíkun, títí tí kò fi fà yín mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ máa gba ibi tí ìgbì ti ń fọ́ padà wálé.

Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì lítà 20 tó ṣófo, tí ìdérí rẹ̀ dè pinpin, kí ẹ so okùn mítà 20 mọ́ ọwọ́ rẹ̀, kí ó máa wà lórí iyanrìn nígbàkígbà tí ẹnì kan bá wà nínú omi. Kẹ́ẹ̀gì yẹn á gbé àgbàlagbà kan léfòó. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ á jù ú, á sì fà á, kò ní bọ́ sínú omi. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ kó má kọjá ìbàdí, kó sì wọ life jacket gidi tó bá ara rẹ̀ mu. Bọ́ọ̀lù àti bẹ́ẹ̀dì rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kì í ṣe ohun ìgbẹ̀mílà. Atẹ́gùn tó ń ti ilẹ̀ fẹ́ sí òkun á gbé wọn lọ kíá.

Àsíá: pupa lórí yẹ́lò ni ibi tí àwọn olùṣọ́ ń wò. Pupa kan, òkun ń bínú. Pupa méjì, wọ́n ti ti omi pa. Èlùbọ́-àlùkò, ohun tó ń ta ènìyàn wà nínú omi.

Ọmọ_Ọ̀sà
Àwọ̀ àlùkò ni Awòòkun ní lọ́kàn, purple. Ẹ má wá èlùbọ́ kankan níbẹ̀.

Awòòkun
Ẹ ṣé tí ẹ tún un ṣe. Àlùkò ni.

Amòòkùn
Ìbojú tí a fi ń wo abẹ́ omi: ẹ gbé e lé ojú láì fi rọ́bà rẹ̀ kọ́ orí, kí ẹ fi imú fa afẹ́fẹ́ díẹ̀. Bó bá lẹ̀ mọ́ ojú fúnra rẹ̀, ó bá yín mu. Bó bá já bọ́, fífà rọ́bà le kò ní tún un ṣe. Irun orí tàbí irungbọ̀n tó wọ abẹ́ etí rẹ̀ ló ń jẹ́ kí omi wọlé. Ẹ tu itọ́ sínú gíláàsì rẹ̀, ẹ pa á yíká, ẹ fi omi òkun ṣan án, kò ní kùúkùú mọ́.

Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ mímí mòòkùn kò gbọ́dọ̀ wọ bàlúù lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìmòòkùn ẹ̀ẹ̀kan, ó kéré tán wákàtí 12. Lẹ́yìn ti ọjọ́ púpọ̀, wákàtí 18. Ẹ fi odidi ọjọ́ tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ láì mòòkùn, ó dá mi lójú jù.

Ẹ má dúró lórí òkìtì iyùn, ẹ má sì ṣà á. Ní Hawaii, láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2021, wọn kò gbọdọ̀ ta ìpara oòrùn tó ní oxybenzone tàbí octinoxate. Ẹ yẹ ẹ̀yìn ike yín wò kí ẹ tó dì í. Bákan náà, ní Seychelles, coco de mer (èso ńlá kan tó jọ àgbọn) kò ṣeé gbé jáde láìsí ìwé àṣẹ.

Olùṣírò
Lórí ìpara oòrùn, iye tí àwọn èèyàn ń mú lọ kì í tó. Àgbàlagbà kan nílò nǹkan bíi mílílítà 35 kí ó tó pa gbogbo ara, ìyẹn ṣíbí tíì 7. Ẹni méjì, 70. A sì ń tún un pa ní wákàtí méjì-méjì, àti lẹ́yìn ìwẹ̀. Ike mílílítà 200 kò pé ìgbà mẹ́ta fún yín. Ẹ wọ ẹ̀wù ìwẹ̀ alápá gígùn, ojú, ẹsẹ̀, ọrùn àti ọwọ́ nìkan ló máa kù, ike 3 sí 4 á sì tó yín fún ọ̀sẹ̀. SPF 30 sókè. Awọ dúdú náà ń jó.

Omi mímu: lítà 3 fún ẹnì kan lóòjọ́, lítà 42 fún ẹ̀yin méjì lọ́jọ́ 7, ká tó sọ ti sísè. Ẹ bi onílé bóyá ó ń gbé ìgò ńlá wá sílé.

Abẹ̀kẹ́_Arìnrìnàjò
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè méjì ló kù: ṣé ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ irun á ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Kí ni kí a kọ́kọ́ ṣe tí a bá wọlé?

Onílé_Etíkun
Seychelles ń lo iná volt 240 àti púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó nípọn. Mauritius náà ń lò ó, àmọ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì róbótó tún wà níbẹ̀. Barbados ń lo bíi 115 àti ẹsẹ̀ méjì pẹlẹbẹ. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ yín. Bó bá jẹ́ 100–240, púlọ́ọ̀gì nìkan ni ẹ máa pààrọ̀. Bó bá jẹ́ 220–240 péré, ní Barbados á máa rìn bí ìgbín, irun kò ní gbẹ. Èyí tó jẹ́ 110 péré, bí ẹ bá kì í bọ 240, á jó.

Bí ẹ bá wọlé, kí ẹ tó tú ẹrù: ẹ tan fídíò, kí ẹ rìn yí gbogbo yàrá ká, ilẹ̀kùn, dígí, bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì, mítà. Ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé lórí ìkànnì lọ́jọ́ náà, kó lè ní déètì. Òun ni ẹ fi máa gba owó kọ́ṣọ̀n yín padà. Lórí Airbnb, bí ohun kan bá burú, ẹ ní wákàtí 72 láti ìgbà tí ẹ rí i láti fi tó wọn létí.

Ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ti gbogbo ilẹ̀kùn láti inú àti láti ìta. Bí ẹ̀rọ tó ń gbóná omi bá jẹ́ ti gáàsì tó sì wà nínú ilé ìwẹ̀, fèrèsé gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí tí ẹ bá ń wẹ̀. Èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, orí fífọ́ àti òòyì ló ń fi hàn. Ẹ̀rọ kékeré tó ń kígbe bí èéfín náà (carbon monoxide) bá pọ̀ wà, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ mú ọ̀kan dání.

Ẹ gbé garawa omi kan àti aṣọ ìnura sí ẹnu ilẹ̀kùn fún ẹsẹ̀. Iyanrìn inú ilé ìwẹ̀ ló ń dí páìpù. Tí ẹ bá tan ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ ti fèrèsé, ìwọ̀n 25 tàbí 26 tó. Bí fèrèsé bá ṣí sílẹ̀, omi afẹ́fẹ́ á máa kán sára ògiri, aṣọ inú kọ́bọ́ọ̀dù á sì hu ebu kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ṣúgà àti búrẹ́dì, inú fíríìjì ni tàbí inú ike onídèérí. Èèrà etíkun kò fi ọjọ́ kan falẹ̀.

Olùṣírò
Ẹ pín káàdì báǹkì: ọ̀kan lọ́wọ́ ọkọ, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyàwó, ọ̀kan nílé. Má ṣe jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà nínú àpò kan. Erékùṣù kékeré lè ní ATM kan péré, ó sì lè máà ní owó nínú lọ́jọ́ ìsinmi. Bí ẹ bá háyà ọ̀kadà tàbí jet ski, ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ibi tó ti họ kí ẹ tó gùn ún, kí ẹ má fi páásípọ́ọ̀tù dúró. Ẹ̀dà rẹ̀ ni ẹ máa fún wọn. Ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì ọ̀kadà, ìnṣọ́ráǹsì kì í sábà san owó ilé ìwòsàn rẹ̀ bó bá ṣubú.

Ọmọ_Ọ̀sà
Ẹ wo àkókò ọkọ̀ ojú omi tó kẹ́yìn lọ́jọ́ náà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù. Bàlúù kékeré tó ń lọ láti erékùṣù sí erékùṣù kì í gba ẹrù púpọ̀, àpò rírọ̀ ló sì máa ń wọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe àpótí líle. Bí ẹ bá wá yí ọkàn padà sí Maldives, bàlúù tó ń bà sórí omi níbẹ̀ kì í fò lóru. Bí ẹ bá dé Malé nírọ̀lẹ́, ẹ ó sùn síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ fi alẹ́ yẹn kún ìṣirò ilé tí ẹ máa sanwó fún.